Ìwé alájọ lórí kọ̀ǹpútà: TXT, CSV, JSON tàbí SQLite, èwo ni kí ètò rẹ máa kọ sí?

Ẹni tó bá ń kọ́ Python, yálà ní Tánkè ló wà tàbí ní Ọ̀fà, kì í pẹ́ dé ibi tí ètò rẹ̀ ti ń gba orúkọ, tó ń gba iye owó, tó sì ń ṣírò rẹ̀ láìṣì. Bó bá pa ètò náà báyìí, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Orí RAM ni ohun tí ètò ń rántí wà, ohun tó bá sì máa di ọ̀la gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì. Fáìlì wo wá ni? Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù, Python sì ti gbé gbogbo wọn dání, o ò ní ná dátà kankan láti fi wá nǹkan kún un.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lókè, iṣẹ́ kan ṣoṣo la ó fi dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: ìwé alájọ. Ẹ jẹ́ ká ní alájọ kan ń yí Ọjà Ọba ní Ìlọrin ká lójoojúmọ́. Oníbàárà ogójì ló ní, ẹlòmíràn ń dá ₦500, ẹlòmíràn ₦1,000. Lálẹ́ á kọ ẹni tó dá. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, á kó ìyókù fún oníǹkan. Bí gbogbo wọn bá dá lójúmọ́, ìlà 1,200 ni lóṣù, nǹkan bí 14,400 lọ́dún. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ báìtì ọgbọ̀n (lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan ń gba báìtì kan), gbogbo ìwé ọdún kan kò tó ìdajì mẹ́gábáìtì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan á máa dẹ́rù bà yín pé ẹ má ka fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, pé á kún RAM. Fáìlì tó tó báyìí, kódà fóònù kékeré á gbé e mì.

Lẹ́tà tó ń ṣí fáìlì ṣáájú irú fáìlì

Ọ̀pọ̀ ìwé tó ṣòfò, irú fáìlì kọ́ ló fà á. Lẹ́tà kan tó wà nínú `open`, àṣẹ tí Python fi ń ṣí fáìlì, ni.

`"w"` ló burú jù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ilé-kéwú á kọ́kọ́ fọ wàláà rẹ̀ kó tó kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Ohun tí `"w"` ń ṣe gan-an nìyẹn. Kì í sì í dúró dìgbà tí o bá kọ nǹkan. Ní kété tí `open("ajo.txt", "w")` bá ti ṣiṣẹ́, fáìlì náà ti di báìtì 0. Bí àṣìṣe bá wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e, tí ètò dúró lójijì, wàláà ti funfun, ẹ̀kọ́ tuntun kò sì sí lórí rẹ̀.

`"a"` kì í fọ nǹkan kan. Ìparí fáìlì ló máa ń lọ, ibẹ̀ ni yóò kọ tirẹ̀ kún. Iṣẹ́ alájọ gan-an nìyí: igi tuntun lórí káàdì lójoojúmọ́, igi àná kò sì kúrò níbẹ̀. `"r"` ń kà nìkan. `"x"` ń dá fáìlì tuntun, bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá sì ti wà tẹ́lẹ̀, á kọ̀ jálẹ̀ pẹ̀lú `FileExistsError`. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ọdún tuntun ni kó fi `"x"` ṣí i, kó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ti tẹ́lẹ̀.

`"r+"` ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé àwọn lè fi ṣàtúnṣe àárín fáìlì. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìlà kan parí báyìí: `500`, lẹ́yìn náà ni àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Báìtì mẹ́rin ni. Ẹ fẹ́ sọ ọ́ di `1000`. Báìtì mẹ́rin nìyẹn náà, ṣùgbọ́n báìtì kẹrin ti jókòó lé orí àmì ìlà tuntun, ìlà yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Owó oníbàárà kan ti wọ orúkọ ẹlòmíràn. Fáìlì kò mọ ìlà rárá, títò báìtì ló mọ̀. Kò sí àyè láti ti nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òmíràn wọlé. Òun ló fa ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín àwọn mẹ́rin tí a fẹ́ fi wéra.

Wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | TXT | CSV | JSON | SQLite |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló lè ṣí i láìsí ètò rẹ? | Ẹnikẹ́ni | Ẹnikẹ́ni, Excel náà | Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà | Ẹni tó ní ètò SQLite |
| Kíkọ ìlà tuntun kún un | Rọrùn | Rọrùn | O ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ | Rọrùn |
| Àtúnṣe ìlà àárín | Tún gbogbo rẹ̀ kọ | Tún gbogbo rẹ̀ kọ | Tún gbogbo rẹ̀ kọ | Àṣẹ kan péré |
| Ṣé ó mọ̀ pé 500 jẹ́ nọ́ńbà? | Rárá | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni |
| Iná lọ nígbà tó ń kọ̀wé | Ìlà tó kẹ́yìn lè bàjẹ́ | Ìlà tó kẹ́yìn lè bàjẹ́ | Gbogbo rẹ̀ lè lọ | Á padà sí bó ṣe wà |

Èyí tó wà nínú àpótí fún iná lọ, bí o bá fi `"a"` kọ TXT àti CSV ni. Bí `"w"` ni o fi kọ wọ́n, wọn ò sàn ju JSON lọ.

TXT

Ó dára fún àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tó pàdé. Fún owó, rárá. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ yọ iye kúrò lára orúkọ, wàá máa fi àlàfo gé ìlà, oníbàárà tó ń jẹ́ orúkọ méjì á sì da gbogbo rẹ̀ rú.

CSV

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ TXT náà, kọ́mà ló kàn ń pààlà láàárín ọjọ́, orúkọ àti iye:

```
import csv
with open("ajo.csv", "a", newline="", encoding="utf-8") as f:
    csv.writer(f).writerow(["2025-03-04", "Ràmọ́tù", 500])
```

Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ lásán. `with` ń pa fáìlì dé fúnra rẹ̀, kódà bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ láàárín. Bí o bá yọ `newline=""` kúrò lórí Windows, ìlà òfìfo kan á máa wà láàárín ìlà méjì, nítorí `csv` ti fi àmì ìparí ìlà tirẹ̀ sí i, Windows á tún fi òmíràn kún un. Lílo `csv.writer` dípò kí o fi ọwọ́ so kọ́mà pọ̀ náà nídìí: bí orúkọ bá ní kọ́mà nínú, bíi "Ìyá Sùlè, aláṣọ òfì", òun ló mọ bó ṣe máa fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká. Ọwọ́ tìrẹ á gbàgbé.

CSV kò mọ nọ́ńbà. Ohun gbogbo tó bá kà padà, ọ̀rọ̀ ni. `"500" + "500"` kì í ṣe 1,000 níbẹ̀, `"500500"` ni, Python kò sì ní ráhùn. Bí alájọ bá rí i pé oníbàárà kan ti ní ìdajì mílíọ̀nù láàárín ọjọ́ méjì, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Fi `int()` yí i padà ní kété tí o bá ti kà á.

Ewu kejì kò tilẹ̀ wá láti inú Python. Excel ló ń bá a wọlé. Bí àyè nọ́ńbà fóònù bá wà nínú CSV rẹ, tí ẹnìkan fi Excel ṣí i, òdo àkọ́kọ́ á re, nítorí Excel rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni. Bó bá wá tẹ "Save", òdo ti lọ títí láé. Nítorí náà, fún aráàlé ní ẹ̀dà láti wò, má fún un ní ojúlówó.

JSON

Ohun tó wuyì lára rẹ̀ ni pé ó mọ nǹkan tó wà nínú nǹkan: oníbàárà kan, nínú rẹ̀ àkójọ ọjọ́, nínú ọjọ́ iye. Ó mọ nọ́ńbà, ó mọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé tó ń gùn lójoojúmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmì ìpadé kan ṣoṣo ló pa gbogbo rẹ̀ dé ní ìparí. Bí o bá fi `"a"` kọ nǹkan kún un, ìta àmì náà ni yóò bọ́ sí, nígbà tí o bá sì tún fẹ́ kà á, `JSONDecodeError` lo máa bá pàdé. O ní láti ka gbogbo rẹ̀, fi ìlà kan kún un, kí o sì tún gbogbo rẹ̀ kọ, ní alaalẹ́, nítorí ogójì ìlà. Èrò tiwa ni pé kí o fi JSON pamọ́ fún ètò inú ètò, ìyẹn ìlànà tí ètò rẹ ń tẹ̀ lé: fódà wo ni ìwé wà, ọjọ́ mélòó ni oṣù àjọ, iye tí alájọ ń yọ. Àwọn tí kì í yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ.

Fi `ensure_ascii=False` sí `json.dump`. Bí o kò bá fi sí i, gbogbo ọ inú fáìlì rẹ á di `\u1ecd`. Kò bàjẹ́, Python á kà á padà dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò lè kà á.

SQLite

Dátábéèsì ni, ṣùgbọ́n kò sí sáfà, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. D. Richard Hipp ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000, ó sì wà nínú Python láti ẹ̀dà 2.5. Inú fóònù Android rẹ ló wà báyìí.

```
import sqlite3
con = sqlite3.connect("ajo.db")
con.execute("CREATE TABLE IF NOT EXISTS ajo (ojo TEXT, oruko TEXT, iye INTEGER)")
with con:
    con.execute("INSERT INTO ajo VALUES (?, ?, ?)",
                ("2025-03-04", "Ràmọ́tù", 500))
```

Àròpọ̀ owó oníkálukú, ìlà kan ni: `SELECT oruko, SUM(iye) FROM ajo GROUP BY oruko`. Àtúnṣe aṣìkọ àná, ìlà kan ni pẹ̀lú `UPDATE`. SQLite ló ń bójú tó títi báìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ṣòro fún `"r+"` lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àmì ìbéèrè mẹ́ta yẹn, má fi f-string (ọ̀nà tí Python fi ń ti iye bọ àárín ọ̀rọ̀) rọ́pò wọn. Orúkọ tó ní àmì ẹyọ kan nínú, bíi `N'Da`, á fọ́ àṣẹ náà sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi á sì lè kọ àṣẹ tirẹ̀ sí àyè orúkọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú SQLite ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á yọ `with con:` kúrò, kò ní pe `con.commit()`, àṣẹ tó ń fi ohun tí a kọ múlẹ̀, ètò á parí láìráhùn, ìlà kankan kò sì ní sí nínú ìwé. Èkejì ni `database is locked`: ẹnìkan ṣoṣo ló lè kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, Python á dúró de ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó sọ pé àyè kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tìrẹ náà tí o gbàgbé sí fèrèsé mìíràn ló di ilẹ̀kùn mú.

Àmì ohùn: ibi tí èdè wa ti ń gbowó lórí fáìlì

Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ni kì í fẹ́ dé ibí. Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ ìlú wò. "Ìlọrin" jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà, ṣùgbọ́n nínú UTF-8 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì) báìtì mẹ́sàn-án ni: Ì gba méjì (C3 8C), l kan, ọ gba mẹ́ta (E1 BB 8D), r, i àti n kọ̀ọ̀kan. Python orí fóònù Android àti Linux ń lo UTF-8 láìbéèrè. Lórí Windows, àwọn Python tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo cp1252, ọ̀nà àtijọ́ ti Windows, bí o kò bá sọ ohun tó yẹ kó lò. Nínú cp1252, báìtì 8D kò ní lẹ́tà kankan. Nítorí náà fáìlì tí o kọ lórí fóònù, tí o gbé lọ sí kọ̀ǹpútà káfè, á sọ fún ọ pé:

`'charmap' codec can't decode byte 0x8d in position 5`

Ka báìtì náà láti òdo: èyí tó kẹ́yìn lára ọ nìyẹn. Ẹni tó rí àṣìṣe yìí tilẹ̀ ríire. Bó bá jẹ́ ẹ nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà (E1 BA B9), báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní lẹ́tà ní cp1252, kò sí àṣìṣe kankan, `áº¹` ló máa jáde. Ètò rẹ á gbà á bẹ́ẹ̀, á tún un kọ bẹ́ẹ̀, orúkọ oníbàárà á sì bàjẹ́ wọ inú ìwé. Oògùn rẹ̀ ni `encoding="utf-8"` nínú gbogbo `open`, nígbà kíkà àti nígbà kíkọ. Láti Python 3.15 ni UTF-8 á di ti gbogbo wọn láìbéèrè. Títí di ìgbà tó bá dé orí kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn, máa kọ ọ́. SQLite nìkan ni kò ní wàhálà yìí nínú àwọn mẹ́rin, ó ti mọ bó ṣe máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bó bá jẹ́ CSV tí o fẹ́ kí Excel ṣí ni, kọ `utf-8-sig` dípò rẹ̀; báìtì mẹ́ta (EF BB BF) tó ń fi síwájú fáìlì ni Excel fi ń dá UTF-8 mọ̀.

Wàhálà kan wà tí SQLite pàápàá kò yanjú. "Ọ̀fà" lè wọ fáìlì ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀. Kíbọọ̀dù kan á kọ Ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan, á sì fi ohùn lé e: báìtì mẹ́jọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Òmíràn á kọ O lásán, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀: báìtì mẹ́sàn-án. Bí o bá bi Python bóyá wọ́n dọ́gba, `False` ló máa sọ. Oníbàárà kan ṣoṣo tí wọ́n fi fóònù kọ lánàá, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ lónìí, á di ènìyàn méjì nínú àròpọ̀. Kí orúkọ tó wọlé, jẹ́ kó gba ibí kọjá, kí ọ̀nà méjèèjì lè di ọ̀kan:

```
import unicodedata
oruko = unicodedata.normalize("NFC", oruko.strip())
```

Bí iná bá lọ

Ohun tí o kọ kì í bọ́ sórí dísíìkì lójú ẹsẹ̀. Python á kọ́kọ́ kó o jọ sí àpò kan nínú RAM, Windows tàbí Linux náà á tún kó o jọ sí tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó ń fi iná ìta nìkan ṣiṣẹ́, á pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú àpò méjèèjì. SQLite ti múra sílẹ̀ fún èyí: kó tó fọwọ́ kan ìwé, á kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sí fáìlì kékeré kan tórúkọ rẹ̀ parí sí `-journal`. Bí o bá tún ṣí i lẹ́yìn tí iná dé, òun ló máa fi dá ìwé padà sípò. Bí o bá rí fáìlì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ, má pa á rẹ́.

JSON kò ní irú rẹ̀, ìwọ lo máa ṣe é. Kọ ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, rí i dájú pé ó bọ́ sórí dísíìkì, kí o tó fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀:

```
import json, os
with open("eto.json.tmp", "w", encoding="utf-8") as f:
    json.dump(eto, f, ensure_ascii=False, indent=2)
    f.flush()
    os.fsync(f.fileno())
os.replace("eto.json.tmp", "eto.json")
```

`flush` ń tú àpò Python, `fsync` ń tú ti ìsàlẹ̀. Inú fódà kan náà ni kí méjèèjì wà. Bí ọ̀kan bá wà lórí flash, tí èkejì wà lórí dísíìkì, `os.replace` kò ní gbà.

Èwo wá ni?

Bí o bá ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, CSV pẹ̀lú `"a"`. Wàá lè fi Notepad ṣí i, kí o fi ojú rẹ rí ohun tí ètò kọ, ìyẹn sì ju àlàyé mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá sọ pé "₦1,000 ni mo dá lọ́jọ́ Tuesday, kì í ṣe ₦500", tí o sì rí i pé o ní láti tún gbogbo fáìlì kọ nítorí ìlà kan, ọjọ́ náà ni kí o kó lọ sí SQLite. Ìwé tí ẹlòmíràn ń fi owó rẹ̀ sí, má jẹ́ kó pẹ́ lórí CSV. Excel fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dára fún wíwò àti fún títẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n Python kò lè kọ `.xlsx` (fáìlì Excel) láìsí ohun àfikún bíi `openpyxl` tí o máa fi dátà gbà, ìwọ àti ètò rẹ sì lè kọlu ara yín bí fáìlì bá ṣí sílẹ̀ nínú Excel.

Ohun méjì kékeré tó ń dá àwọn ènìyàn dúró ṣáájú gbogbo èyí. Lórí Windows, `"D:\tita\new.csv"` kò ní ṣí, nítorí Python rí `\t` àti `\n`, ó sì kà wọ́n sí àmì táàbù àti ìlà tuntun, kọ `"D:/tita/new.csv"`. Bí `FileNotFoundError` bá sì jáde nígbà tí ojú rẹ ń rí fáìlì náà, tẹ `os.getcwd()` jáde kí o mọ fódà tí ètò dúró sí, kí o sì wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ kì í ṣe `ajo.txt.txt`, tí Windows fi èkejì pamọ́.

Ìwé SQLite, má ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbà tí ètò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀dà náà lè wá ní ìdajì. Ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fi `con.backup(sqlite3.connect("E:/ajo-2025-03-04.db"))` kó o sórí flash, pẹ̀lú ọjọ́ nínú orúkọ fáìlì, kí ẹ̀dà òní má baà jókòó lé orí ti àná.